Ẹ̀wà lílọ̀ lórí búrẹ́dì: èwo ni tiwa, èwo ni àlejò?



Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a gbé wá lónìí. Oúnjẹ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí lórí fóònù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n á yan búrẹ́dì títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, wọ́n á fi ohun kan tó ki bí ògì kun orí rẹ̀, wọ́n á wá to tòmáàtì, kùkúmbà àti ewé sàláàdì tútù lé e. Ohun tó ki yẹn ni wọ́n ń pè ní hummus. Àwọn kan nínú wa sọ pé oúnjẹ òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní ti Lárúbáwá ni. Àwọn ọmọ wa ní tiwọn rò pé ohun tuntun pátápátá ni, pé kò sí irú rẹ̀ nílé ìyá wọn rí.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó pe oúnjẹ yìí ní àjèjì, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ ká wò ó. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀wà tí a sè tí a sì lọ̀, búrẹ́dì tí a yan, àti ẹ̀fọ́ tútù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá tọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó rí i pé èyí tí a rò pé ó jìnnà jù ló sún mọ́ wa jù, àti pé èyí tí a ń rà láràárọ̀ láìbèèrè ni àlejò gan-an.

Kí ni hummus?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, hummus kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Orúkọ irúgbìn kan ni lédè Lárúbáwá. Irúgbìn náà jẹ́ ìbátan ẹ̀wà wa. Àwọn Faransé ń pè é ní pois chiche. Ó tóbi ju ẹ̀wà wa lọ, ó rí roboto, ó sì ní ṣónṣó kékeré kan bí ẹnu ẹyẹ. Ní agbègbè tí ilẹ̀ Tọ́kì àti ilẹ̀ Síríà ti pààlà ni àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun oko, ní nǹkan bí 10 000 ọdún sẹ́yìn. A kì í gbìn ín ní oko wa. Bí ẹ bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù, inú agolo ló sábà máa ń wà, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé e wá.

Láti fi ṣe oúnjẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì po yànmọ̀tí lílọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́, áyù àti iyọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe oúnjẹ àná. Àwọn ìwé oúnjẹ tí wọ́n kọ ní Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì, láyé àtijọ́, ti sọ nípa irúgbìn yìí tí a sè, tí a lọ̀, tí a sì fi òróró, ọtí kíkan àti ewé olóòórùn dídùn po.

Láyé òde òní, oúnjẹ yìí ti di ọ̀ràn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, àwọn ará Abu Ghosh ní Ísírẹ́lì ṣe àwo hummus kan tó wọn kílò 4 090. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn ará Lẹ́bánónì ṣe tiwọn: kílò 10 452. Wọn kò ṣèèṣì mú iye yẹn o. Iye kìlómítà onígun mẹ́rin tí ilẹ̀ Lẹ́bánónì fẹ̀ dé ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ni pé oúnjẹ yìí àti ilẹ̀ wọn, ọ̀kan náà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: àwọn èèyàn kan wà láyé tí wọ́n ń du ẹ̀wà lílọ̀ wọn bí ẹni ń du ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá dé Tógò? Àwọn ará Lẹ́bánónì náà ló gbé e wá. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń wá ṣòwò ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Société des Nations fi Lẹ́bánónì sábẹ́ àmójútó Faransé. Ó sì fi apá tó tóbi jù nínú Tógò sábẹ́ àmójútó Faransé kan náà. Ọdún 1922 ni wọ́n buwọ́ lu ìwé méjèèjì. A máa ń kọ́ èyí ní kíláàsì ìtàn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Beirut àti Sokodé wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà. Àwọn ará Lẹ́bánónì ṣí ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ ní Lomé, hummus sì rí àyè jókòó níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ chawarma. Láti Lomé sí Sokodé, nǹkan bí kìlómítà 340 ni lórí ọ̀nà ńlá tó lọ sí àríwá. Fóònù ti wá gé ọ̀nà náà kúrú.

Ẹ̀wà wa ti wà tipẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá sí ilé. Ẹ̀wà tí a ń gbìn, tí àwọn Ọ̀yọ́ ń pè ní erèé, tí ìwé Faransé ń pè ní niébé, ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ní àyíká Kintampo, ní àárín gbùngbùn Ghana, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ẹ̀wà tó ti jóná di èédú níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé lábẹ́ àpáta láyé àtijọ́. Ẹ̀wà náà ti lé ní 3 500 ọdún. Kintampo kì í ṣe ọ̀nà jíjìn sí wa. Ibi tí àwọn tó ń ra obì lọ sí ilẹ̀ Haúsá ti ń kọjá ni agbègbè wa.

Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò ará Mòrókò kan tó ń jẹ́ Ibn Battuta rin ìrìn-àjò láti Walata lọ sí olú ìlú ọba Mali. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àlejò bá dé abúlé kan lójú ọ̀nà náà, àwọn obìnrin á gbé ọjà wá bá a: jéró, wàrà, adìẹ, ìrẹsì, àti ẹ̀wà tí wọ́n ti gún. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ dáadáa. Ní ayé tí àwọn ará Káírò ń lọ hummus tiwọn, àwọn obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń gún ẹ̀wà tà fún èrò ọ̀nà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀wà lílọ̀, kò sì sí ìyá wa kan tí kò mọ̀ ọ́n: rírẹ sómi, bíbó èèpo, lílọ̀. Bí a bá dín in, àkàrà ni. Bí a bá fi ata àti epo sí i, tí a pọ́n ọn sínú ewé tí a sè é, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Bí a bá sè é ní funfun, láìfi epo àti ata sí i, ẹ̀kuru ni. Bí a bá bó o, tí a kọ́kọ́ sè é títí tó fi rọ̀, tí a wá fi ìjábẹ̀ rò ó títí tó fi di ọ̀kan, gbẹ̀gìrì ni.

Gbẹ̀gìrì yìí ni kí ẹ fojú sí. Ẹ̀wà tí a sè kí a tó fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe hummus. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé hummus ki, pé a máa ń jẹ ẹ́ ní tútù, àti pé yànmọ̀tí àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ dúró níbi tí epo pupa àti ata dúró sí nínú gbẹ̀gìrì. Yànmọ̀tí náà kì í ṣe àjèjì. Wọ́n ń gbìn ín ní àríwá Tógò àti ní Benin, ó sì ní orúkọ lédè wa. Ohun tí kò bá sí lọ́wọ́ èèyàn kì í ní orúkọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀wà lílọ̀ wa ti rin ìrìn-àjò jìnnà ju tàwọn ará Lẹ́bánónì lọ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ló fi rìn ín. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò lè gbé ọlọ dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń dín acarajé nínú epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí di òní. Orúkọ náà kò fara pamọ́: àkàrà ni. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi edé, ọbẹ̀ tó ki àti tòmáàtì tútù tí a gé wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tútù nìyẹn, láìsí hummus níbẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà wà ní Freetown, ní Sierra Leone, tòun ti orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ló mú un débẹ̀. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil sí Èkó sì ń se frejon kí Àjíǹde tó dé: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn sè padà.

Nílé níbí, a kò nílò ìwé ìjọba láti mọ̀ ọ́n. Ní Sokodé, àwọn obìnrin ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárọ̀, ògì gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ìrọ̀lẹ́ ni ọjà wọn ń yá, nítorí àkàrà àti ògì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣínu. Àwọn Ewe ní Lomé ń pè é ní gawu, àwọn Haúsá ń pè é ní kosai. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Búrẹ́dì: àlejò tó ní orúkọ púpọ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1897, àwọn Faransé àti àwọn Jámánì fọwọ́ sí ìwé ààlà láàárín Tógò àti Dahomey. Ìlú Paris ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìlà tí wọ́n fà fi Kambolé sọ́dọ̀ Jámánì, ó fi Manigri sọ́dọ̀ Faransé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, títí di òní, àwọn onímọ̀ èdè ka èdè Kambolé àti èdè Manigri sí ọ̀kan ṣoṣo. Ní 1914, wọ́n lé àwọn Jámánì lọ, Sokodé bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ìlà náà dúró síbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn òmìnira Tógò ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960. Ìlà yẹn àti àwọn mìíràn bí irú rẹ̀ pín ilé ìwé wa, wọ́n pín owó wa, wọ́n pín èdè tí a fi ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì. Wọn kò rí àkàrà pín. Ní Kambolé, ní Manigri, ní Kétu, ní Ṣakí, bákan náà la ṣe ń rẹ ẹ̀wà.

Búrẹ́dì ní tirẹ̀, ìlà ààlà ló ṣe é. A ní orúkọ àtijọ́ fún àlìkámà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, tó gba ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Búrẹ́dì tí a ń jẹ lónìí, etíkun ló gbà wọlé, ní ọwọ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ àwọn orúkọ rẹ̀. Yorùbá ní búrẹ́dì, láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Akan ní Ghana ní paanoo, láti ẹnu àwọn Potogí. Àwọn Ewe ní abolo tiwọn tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, nígbà tí ti àlìkámà dé, wọ́n pè é ní yevubolo, ìyẹn ni abolo òyìnbó. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní pain. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́rìí ẹni tó gbé e wá.

Ìrísí rẹ̀ náà yàtọ̀. Ní Èkó, ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó dé ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá láàárín ọdún 1920 sí 1930. Búrẹ́dì àwọn ará Nàìjíríà wúwo, ó dùn, ó rọ̀, ó sì ní igun mẹ́rin. Ti Faransé gùn, èèpo rẹ̀ le, iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwa tí a wà ní Tógò ń jẹ irú méjèèjì, a ń pè wọ́n ní pain sucré àti pain salé, bí ẹni tó jogún ìyá méjì. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Lomé dúró ní Blitta. Kò dé Sokodé. Àpò ìyẹ̀fun tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ bọ́ sínú mọ́tò. Gbogbo ìrìn-àjò yẹn wà nínú owó búrẹ́dì kan tí ọmọ ń rà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Ibi tí ẹ̀wà àti búrẹ́dì ti pàdé

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì kò dúró de hummus kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ẹni tó bá ti dé Èkó mọ ẹ̀wà àgànyìn. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí a dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú bù lé e. Búrẹ́dì Agége ni àwọn ará Èkó fi ń jẹ ẹ́. Ta ni Àgànyìn? Orúkọ tí àwọn ará Èkó ń pe àwọn èèyàn tó wá láti ìhà Tógò àti Benin ni. Àwọn obìnrin tó ru ìkòkò ẹ̀wà yìí lórí kiri àdúgbò Èkó, láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa bá rí ẹ̀wà lílọ̀ lórí búrẹ́dì lójú fóònù, tó sì rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ rò ó, ká sọ fún un pé obìnrin Tógò ti ru irú rẹ̀ kọjá ààlà méjì kí a tó bí i. Nílé náà, ẹni tó ń ta ẹ̀wà sísè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé á la pain salé, á rọ ẹ̀wà sí i, á wọ́n òróró díẹ̀ lé e lórí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ń rí lórí fóònù kò ju ewé sàláàdì lọ.

Ẹ̀fọ́ tútù

Ewé sàláàdì yẹn ni ohun tuntun gan-an. Àwa kì í jẹ ẹ̀fọ́ ní tútù tẹ́lẹ̀. Sísè ni a ń sè é. Àlùbọ́sà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa: orúkọ rẹ̀ láti èdè Lárúbáwá ni, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá bí àlìkámà. Tòmáàtì, ata, àti píà tí àwọn Faransé ń pè ní avocat, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àti Spéènì ti la òkun kọjá. Sàláàdì àti kárọ́ọ̀tì tẹ̀ lé tábìlì àwọn òyìnbó. Ẹ wá wò ó: kò sí ẹni tó ń pe ata ní àjèjì mọ́, tòmáàtì sì ti di ọmọ ilé. Oúnjẹ a máa di tẹni tó bá gbìn ín. Sàláàdì tí àwọn alágbàlá ẹ̀fọ́ ń bomi rin létí odò ti di tiwa, nítorí ọwọ́ wa ló gbìn ín. Àlìkámà ni kò tíì di tiwa, nítorí a kò gbìn ín.

Bí a ṣe lè ṣe é pẹ̀lú ohun tó wà nílé

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò agolo pois chiche. Ẹ mú ife ẹ̀wà funfun méjì. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣe àkàrà. Ẹ má lọ̀ ọ́ ní tútù o. Ẹ kọ́kọ́ sè é títí á fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka méjì á fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi omi rẹ̀ díẹ̀ pamọ́.

Ẹ yan ṣíbí ńlá mẹ́ta yànmọ̀tí nínú ìkòkò gbígbẹ, lórí iná tí kò pọ̀, títí òórùn rẹ̀ á fi jáde, ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí á fi yọ òróró. Bí kò bá sí yànmọ̀tí, ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ á ṣe é. Ẹ lọ ẹ̀wà náà mọ́ ọn, pẹ̀lú áyù ẹyọ méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì àti iyọ̀. Bí ó bá ki jù, ẹ fi omi ẹ̀wà tí ẹ pamọ́ dà á. Ẹ da òróró ẹ̀pà ṣíbí kan sí i, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ̀pà rorò náà dára fún un, èyí tí Faransé ń pè ní voandzou. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lòun náà, hóró rẹ̀ tóbi, ó rí roboto, adùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti pois chiche ju ti ẹ̀wà lọ. Ó kàn ń fẹ́ iná pẹ́ ni.

Ẹ gé búrẹ́dì, ẹ yan án lórí ẹyín iná èédú, ojú méjèèjì. Ti àná tó ti ń gbẹ ló dára jù. Ẹ fi ẹ̀wà náà kùn ún kó nípọn. Ẹ to tòmáàtì, kùkúmbà, àlùbọ́sà tí a gé tínrín àti kárọ́ọ̀tì tí a rin lé e lórí. Nítorí pé tútù ni a fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ wọ̀nyí, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pàápàá ewé sàláàdì, ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣu gbọ́ fáàrí lè fi iṣu sísun rọ́pò búrẹ́dì. Ẹ̀wà kò ní bá a jà.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ni gbogbo àlàyé yìí wà fún, ṣé a kò lè jẹun ká dákẹ́ ni? A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwo oúnjẹ kì í mọ ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ.

Àwọn àgbà wa rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994. Láàárín ọjọ́ kan, iye owó CFA wálẹ̀ sí ìdajì: 50 CFA ló ń ra franc Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó wá di 100. Gbogbo ohun tó gba orí òkun wọlé wọ́n sí i, búrẹ́dì sì wà lára wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine. Orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù lọ fún ayé. Ọ̀nà jíjìn ni ogun náà wà, kò sí ẹni tó yìnbọn ní Tchamba, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa rí i lára owó àpò ìyẹ̀fun. Ẹ̀wà náà máa ń wọ́n lóòótọ́, pàápàá kí ìkórè tuntun tó dé, àwọn kòkòrò sì máa ń bà á jẹ́ nínú àká. Ṣùgbọ́n òjò tiwa ló ń rọ̀ sí i, ọ̀nà tiwa ló ń rìn, obìnrin tiwa ló ń pa owó rẹ̀. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ohun tó ń mú ara ọmọ dàgbà. Àlìkámà kò ní tó bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ búrẹ́dì. Àwa náà ń jẹ ẹ́. A kò sọ pé kí a máa bá àwọn ará Lẹ́bánónì du hummus. Tiwọn ni, wọ́n sì mọ iyì rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n mọ iyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìwọ̀n ilẹ̀ wọn wọn oúnjẹ wọn. Àwọn ará Brazil, ní òdìkejì òkun, kọ àkàrà wa sínú ìwé. Ní kíláàsì wa, ọmọ tó bá fẹ́ dárúkọ ẹ̀wà á kọ niébé láìṣi lẹ́tà kan. Bí a bá wá bi í pé kí ni ìyá ìyá rẹ̀ ń pe ẹ̀wà tó pupa àti èyí tó funfun, èyí tó tètè gbó àti èyí tó ń pẹ́, á wo ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó lè fi pátákó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹni tó ń dín àkàrà ló mọ̀ ọ́n, ó sì ń darúgbó lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe oúnjẹ tí wọ́n rí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀wà wa ṣe é, kí wọ́n sì jókòó ti ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n máa béèrè orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kambolé àti ní Manigri, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń pe oríṣi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa, àti orúkọ oúnjẹ tí ẹ ń fi í ṣe, bí ẹ ṣe ń pè é gẹ́lẹ́ nílé, kì í ṣe bí ìwé ṣe kọ ọ́. A ó tò wọ́n pọ̀ síbí, ti ìhà méjèèjì ààlà, lórí ìlà kan náà.